Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò ní ẹṣin, mo sì ń gun ẹṣin

Ẹni tó bá ti gbọ́ pé mò ń gun ẹṣin, ìbéèrè tó máa kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀ ni pé "Ṣé ẹ ní ẹṣin ni?" Mi ò ní. Mi ò ní in rí, mi ò sì gbèrò àtirà á. Ọsibítù ìjọba ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, ọmọ méjì ló wà lọ́wọ́ mi, ilé tí à ń gbé lápá Ajah, ilé àyágbé ni, owó iléèwé wà ńlẹ̀, epo jẹnẹrétọ̀ wà ńlẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ kúkú mọ bí ìlú ṣe rí. Síbẹ̀ mi ò fi ẹṣin sílẹ̀, mo sì fẹ́ sọ bí mo ṣe ń ṣe é torí mo mọ̀ pé àwọn tó fẹ́ràn ẹṣin pọ̀ láàárín wa, tí wọ́n ti pa á tì pátápátá torí wọ́n gbà pé nǹkan olówó ni, pé ẹni tí kò ní mílíọ̀nù lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn.

Ká tiẹ̀ kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ rírà yẹn ná. Ẹṣin tiwa, àwọn tó ń ti òkè Ọya wá, kì í fi bẹ́ẹ̀ tóbi, àwọn tí mo mọ̀ á wọn tó bíi 300 kílò. Oúnjẹ gbígbẹ tí ẹṣin ń jẹ lójúmọ́ máa ń sún mọ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara ẹ̀, ìyẹn bíi 6 kílò lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, koríko, ewé ẹ̀pà gbígbẹ, dùsà tó jẹ́ èèpo ọkà, ọkà bàbà, kò sí pé lónìí wọn ò tíì sanwó oṣù. Omi ńkọ́, 20 lítà sí 40 lítà lójúmọ́, tí oòrùn bá mú ó lè jù bẹ́ẹ̀. Pátákò ẹsẹ̀ ẹ̀ ń hù ni, láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ẹni tó mọṣẹ́ gbọ́dọ̀ wá gé e kó sì tún un ṣe. Oògùn aràn tún wà, owó ilé ẹṣin wà, owó ọmọ tó ń tọ́jú ẹ̀ wà. Ilẹ̀ wa gan-an ò sì rọrùn fún ẹṣin, kì í ṣe òní kì í ṣe àná. Àwọn Ọ̀yọ́ tí wọ́n fi ẹṣin jagun nígbà tí ọwọ́ wọn le, láti òkè ni wọ́n ti ń ra ẹṣin, torí eṣinṣin tsetse inú igbó máa ń gbé àìsàn wọ àwọn ẹṣin lára, wọn ò lè dá bí tiwọn kó pọ̀ tó. Nítorí náà ẹni tí owó ẹ̀ ò tó nǹkan tó wá lọ ra ẹṣin, ẹṣin yẹn ló máa jìyà ẹ̀. Mo ti rí irú ẹ̀ lójú mi, eegun ìhà ẹ̀ ṣeé kà, ojú ẹ̀ ti wọnú, olówó ẹ̀ sì fẹ́ràn ẹ̀ o, kò kàn lágbára ẹ̀ ni. Ó dùn mí títí dòní. Tí ẹ bá fẹ́ràn ẹṣin lóòótọ́ tówó ò sì tó, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rà á.

Ìjẹ̀bú-Òde ni ilé ìyá mi, ìdílé ẹlẹ́ṣin ni wọ́n, lára àwọn tó ń gun ẹṣin jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Ọjọ́ kẹta Ìléyá ni, àwọn régbérégbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, á ti wọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn lọ kí Awùjalẹ̀, àwọn ìdílé Balógun á wá gun ẹṣin wọlé tẹ̀lé e, ìbọn ń dún, ìlù ń dún, eruku ń sọ. Bùọ̀dá ìyá mi ló kọ́kọ́ gbé mi sórí ẹṣin nígbà tí mo ṣì kéré, ó ní kí n di irun ọrùn ẹ̀ mú, kí n má wolẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé tọkùnrin nìkan ni, àwọn obìnrin ń gùn ún níbẹ̀, wọ́n sì ń gùn ún dáadáa. Ní 2024 tí fọ́tò Farooq Oreagba, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́ṣin Ojúde Ọba, gba gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì, ojoojúmọ́ ni fóònù mi ń dún, gbogbo èèyàn fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan péré lọ́dún nìyẹn. Ẹni tó bá ń gun ẹṣin lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, itan ẹ̀ máa sọ fún un lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ ẹ̀ á sì le lórí ìjánu débi pé ẹnu ẹṣin á máa dùn ún. Ohun tí mo ń wá ni bí máa ṣe máa gùn ún ní gbogbo ìgbà, kódà kó jẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Ilé ẹ̀kọ́ gígun ẹṣin wà ní Èkó, mo lọ béèrè iye tí wọ́n ń gbà, mo kí wọn, mo dúpẹ́, mo padà sílé. Kì í ṣe pé wọ́n ń rẹ́ni jẹ o, ẹ wo ìṣirò tí mo ṣe lókè yẹn, bí ẹṣin ṣe ń náni lówó nìyẹn. Ṣùgbọ́n owó ẹ̀kọ́ oṣù kan níbẹ̀, owó oúnjẹ ilé mi ni.

Ibi tí ọ̀nà ti là fún mi ni etíkun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti lọ sí Ẹlẹ́gùṣì tàbí Oníru lópin ọ̀sẹ̀ máa ti rí àwọn ẹlẹ́ṣin, wọ́n á gbé ọmọ yín sórí ẹ̀, wọ́n á fà á lọ fà á bọ̀, ẹ ya fọ́tò, ẹ sanwó, ó parí. Èmi náà ti rò pé gbogbo nǹkan tó wà níbẹ̀ nìyẹn. Ó wá di ọjọ́ kan tí mo wà lọ́ọ̀fù láàárín ọ̀sẹ̀, mo gba etíkun kọjá láàárọ̀ kùtù, mo rí àwọn ẹṣin yẹn tí wọ́n so mọ́lẹ̀, kò sí kọ́sítọ́mà kankan, wọ́n kàn dúró. Mọ́ńdè, Túsìdeè, Wẹ́síde, bí wọ́n ṣe máa ń dúró nìyẹn. Ẹṣin kì í ṣe nǹkan tó yẹ kó máa dúró sójú kan, tó bá dúró pẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ á wú, tó bá sì wá di Sátidé tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé e lórí, ara á máa yá a ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ni wọ́n mọ̀ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Wọ́n nílò ẹni tó máa gùn wọ́n jẹ́jẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, èmi náà sì nílò ẹṣin.

Mi ò kọ́kọ́ dárúkọ owó. Mo kàn ń lọ kí wọn ni. Gbogbo ọ́ọ̀fù tó bá ti bọ́ sí àárín ọ̀sẹ̀, màá jí lọ ní ìdájí, kí go-slow Ajah tó bẹ̀rẹ̀, màá kí àwọn ọmọ Hausa tó ń tọ́jú wọn, màá bá wọn gbé omi, màá jókòó ti Alhaji tó ni wọ́n. Ẹni àgbà ni, ó ti pẹ́ nídìí ẹṣin, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ ò pọ̀. Ìgbà tó yá ló fúnra ẹ̀ bi mí.

"Nọ́ọ̀sì, kí lo ń wá gan-an?"

Mo ní, "Alhaji, mo fẹ́ máa bá yín gùn wọ́n ni, sà. Àárọ̀ tí kò sérò ni mo fẹ́. Mi ò lówó púpọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yòówù tẹ́ ẹ bá ní kí n ṣe, màá ṣe é."

Ó wò mí, ó ní, "Lọ gbé ẹsẹ̀ ti pupa yẹn kí n rí i."

Ẹṣin pupa yẹn, Sárkí ni wọ́n ń pè é. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká ẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí orí ẹ̀, mo kọjú sí ìrù, mo fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ iwájú ẹ̀ láti èjìká bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó lè mọ ibi tí ọwọ́ mi wà, nígbà tí mo dé apá ìsàlẹ̀ mo fún iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ẹ̀ díẹ̀, ó gbé e fún mi. Wọ́n na irin tí wọ́n fi ń ha á sí mi. Láti gìgísẹ̀ lèèyàn ti ń ha á lọ síwájú, kì í ṣe láti iwájú wá sẹ́yìn, torí ẹran rírọ̀ onígun mẹ́ta kan wà láàárín pátákò, tí irin bá ṣèèṣì gún un níbẹ̀ o ti ṣe ẹṣin léṣe. Inú kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran yẹn ni yanrìn, ìkarahun àti ìdérí ìgò máa ń há sí. Alhaji ní kí n gbóòórùn ẹ̀. Kò rùn. Ó ní tó bá dúdú, tó ń ṣomi, tó sì ń rùn, ó ti ń jẹrà nìyẹn, ibi tó ń sùn ló tutù, wọn ò sì kó ìgbẹ́ kúrò ńbẹ̀. Bó ṣe rí i tí mo gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láìkánjú, ó ní ó dáa, kí n máa bọ̀.

Àdéhùn tá a ṣe nìyí: iye tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àlejò fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, òun ni mò ń san fún odindi wákàtí láàárín ọ̀sẹ̀, èmi sì ni mò ń fọ àwọn aṣọ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ gàárì. Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn kì í ṣe kékeré o. Yanrìn etíkun máa ń há sínú ẹ̀, iyọ̀ òkun náà wà ńbẹ̀, òógùn ẹṣin á pọ̀ lé e, tí wọ́n bá wá di gàárì lé e mọ́lẹ̀ báyẹn, àfi bíi kí wọ́n máa fi pépà tí kápẹ́ńtà fi ń ha igi ha ẹ̀yìn ẹṣin. Egbò abẹ́ gàárì, ibẹ̀ ni púpọ̀ ẹ̀ ti ń wá. Mo máa ń kó wọn lọ sílé, mo rẹ wọ́n sínú omi kí iyọ̀ lè jáde, mo sá wọn, mo kó wọn padà. Mo tún máa ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún Alhaji àtàwọn ọmọ yẹn, mo sì ń tọ́jú egbò tí wọ́n bá ní. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni, kò ná mi ní nǹkan kan. Ẹ wo iṣẹ́ ọwọ́ tiyín náà, ẹni tó mọ aṣọ rán lè bá wọn tún okùn gàárì àti aṣọ ẹ̀ ṣe, ẹni tó mọ fọ́tò yà lè bá wọn ya fọ́tò tí wọ́n máa fi polówó, wẹ́dà lè jó irin tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́. Àwọn tó ni ẹṣin ò fi bẹ́ẹ̀ nílò owó kékeré tó wà lọ́wọ́ wa bíi kí wọ́n rẹ́ni tó máa bá wọn ṣe nǹkan tí wọn ò ráyè ṣe.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà torí àwa obìnrin máa ń sá fún un. Ohun tí àwọn tó mọ̀ nípa ẹṣin ń sọ ni pé ẹni tó ń gùn ún àti gàárì lápapọ̀ ò yẹ kó ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin lọ. Ẹṣin 300 kílò, 60 kílò nìyẹn, gàárì wà ńbẹ̀ o. Ìdí nìyẹn tí mi kì í gun àwọn kékeré ibẹ̀ bó ti wù kí wọ́n lẹ́wà tó, Sárkí ni wọ́n ń fún mi torí òun ló tóbi jù nínú wọn. Tí ẹ bá dé ibì kan tí ẹlẹ́ṣin fẹ́ gbé àgbàlagbà méjì sórí ẹṣin kékeré kan nítorí fọ́tò, ẹ sọ pé rárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Ṣíìfù ni mò ń ṣe, mọ́níìn, àfútà, náìtì, kò sí ọ̀sẹ̀ méjì tó jọra. Láàárọ̀ tí mo bá bọ́ lẹ́nu náìtì mi kì í sún mọ́ ẹṣin, ẹni tó ń tòògbé ò yẹ lórí ẹ̀. Ọ́ọ̀fù ni mò ń lò, kì í sì í ṣe gbogbo ẹ̀, torí àwọn ọmọ mi náà fẹ́ rí mi. Tí róstà bá ti jáde, àárọ̀ kan tàbí méjì ni mo máa ń mú nínú oṣù fún ẹṣin, màá kọ ọ́ sílẹ̀, màá sọ fún ọkọ mi, màá fi ránṣẹ́ sí Alhaji lórí WhatsApp, ó ti di ti ẹṣin nìyẹn. Oṣù tó bá dáa, mo lè rí ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo tún máa ń wo ìgbà tí omi òkun máa fà sẹ́yìn, ọ̀fẹ́ ni lórí fóònù, torí yanrìn tutù tó wà létí omi nígbà tí òkun bá fà ló le dáadáa fún ẹsẹ̀ ẹṣin. Yanrìn gbígbẹ òkè yẹn jìn, ó ń rì, ó máa ń fa iṣan ẹsẹ̀ wọn, kò yẹ kéèyàn sáré lórí ẹ̀ rárá. Láti oṣù kẹfà tí òkun bá ti ń ru, ìgbà míì kò ní sí ilẹ̀ tó dáa rárá, a kàn máa rìn ni.

Àárọ̀ tí èèyàn rí lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì yẹn, ó ṣe pàtàkì ohun téèyàn fi ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ti gorí ẹṣin, eré àsápajúdé ló kù tí wọ́n fẹ́ sá. Èmi kì í sá a. Ìrìn ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ títí ara ẹṣin á fi gbóná, mo máa ń yọ ẹsẹ̀ kúrò nínú àlùkẹ́ńbù, irin tí ẹlẹ́ṣin ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, kí ẹsẹ̀ mi lè já sílẹ̀ gbọọrọ, kí ìdí mi lè jókòó sórí gàárì dáadáa, mo máa ń ní kó yà sọ́tùn-ún, kó yà sósì, kó dúró, kó padà sẹ́yìn ìgbésẹ̀ díẹ̀, láìfa ìjánu gbà-á. Lẹ́yìn náà la máa wá ṣe tíróòtì, eré kékeré tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ń dún méjì-méjì yẹn, tí ìdí èèyàn gbọ́dọ̀ máa gbéra kó sì máa jókòó tẹ̀lé e. Ẹ wo èjìká ẹ̀ tó wà lóde nígbà tẹ́ ẹ bá ń yí po, tó bá lọ síwájú ẹ gbéra, tó bá padà ẹ jókòó. Wákàtí kan báyìí wúlò ju ọjọ́ kan gbáko tí èèyàn kàn sáré lọ sáré bọ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ tí mi ò rí ẹṣin, ara mi ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Ọsibítù wa ní àtẹ̀gùn púpọ̀, tí mo bá ti dá wà níbẹ̀ màá dúró sétí ìpele kan, iwájú ẹsẹ̀ mi nìkan ló máa wà lórí ẹ̀, màá jẹ́ kí gìgísẹ̀ mi máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí bí gìgísẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ nínú àlùkẹ́ńbù nìyẹn, tí iṣan yẹn bá ti kúrú kò sí bí wọ́n ṣe máa pariwo mọ́ yín tó, kò ní wálẹ̀. Nílé, màá fẹ̀yìn ti ògiri bíi pé mo jókòó lórí àga tí kò sí ńbẹ̀, títí itan mi á fi máa gbọ̀n. Màá jókòó sórí àga gidi màá máa dìde láìfọwọ́ kan nǹkan kan, màá jókòó jẹ́jẹ́, màá tún dìde, tíróòtì nìyẹn láìsí ẹṣin. Tí mo bá ń fọ eyín, ẹsẹ̀ kan ni mo fi ń dúró. Wọ́n lè dà bí nǹkan tí kò tó nǹkan ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá padà sórí Sárkí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara mi ò gbàgbé, òun náà ò sì jìyà mi.

Ẹ̀kọ́ gidi lọ́wọ́ tíṣà ṣì ṣe pàtàkì, èèyàn ò lè rí ẹ̀yìn ara ẹ̀. Àjọ la fi yanjú ìyẹn. Obìnrin mẹ́rin ni wá, èmi, ẹnì kan tó ń kọ́ọ̀yàn níléèwé, ẹnì kan tó ń ta aṣọ, àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní yunifásítì, à ń dá owó lóṣooṣù, ẹni tó bá kàn ló máa kó o fi gba ẹ̀kọ́ kan lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ti pẹ́ nídìí ẹṣin pọ́lò. Pọ́lò kì í ṣe nǹkan tuntun ní Èkó, láti 1904 ni Lagos Polo Club ti wà, àwọn tó mọṣẹ́ ẹṣin gan-an wà láyìíká ibẹ̀, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń bá olówó nìkan ṣe. Ohun tó wá mú kí àjọ yẹn dùn ni pé ẹnì kan ló máa wà lórí ẹṣin ṣùgbọ́n àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la máa lọ. Àwa tó kù á wà létí ọgbà, ẹnì kan ń ya fídíò, ẹnì kan ń kọ ohun tí tíṣà ń sọ sílẹ̀. "Gbójú sókè." "Má fi orúnkún fún un." "Mí síta." Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ẹnì kan, àwa mẹ́rin la gbé e lọ sílé. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Tíṣà kò bínú sí i, a kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹ̀.

Àwọn nǹkan wíwọ̀, òkìríkà ni gbogbo tèmi. Ọjà Kàtáńgúà ni mo ti ra bọ́ọ̀tù mi, ohun tí mo wò lára ẹ̀ ni pé abẹ́ ẹ̀ tẹ́jú, kò ní eyín jágajàga, ó sì ní gìgísẹ̀ kékeré, torí bàtà tí kò ní gìgísẹ̀ lè yọ́ gba inú àlùkẹ́ńbù kọjá, tí ẹṣin bá sì dá yín ńbẹ̀ ó máa wọ́ yín lọ ni. Kànfáàsì ò dáa fún un. Ṣòkòtò tó bá ti le tí kò sì ní ojú rírán tó ga láàárín itan ti tó. Ohun kan ṣoṣo tí mi ò lè ra òkìríkà ẹ̀ ni hẹ́límẹ́ẹ̀tì. Hẹ́límẹ́ẹ̀tì tó bá ti gbá nǹkan lẹ́ẹ̀kan, inú ẹ̀ lè ti fọ́ kí òde ẹ̀ sì máa dán gbinrin, ojú lásán ò lè rí i. Ọsibítù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo ti rí ohun tí orí tó gbálẹ̀ ń dà, mi ò ní bá ẹnikẹ́ni dúnàádúrà lórí ìyẹn. Tuntun ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ wo inú ẹ̀ bóyá wọ́n kọ PAS 015 tàbí ASTM F1163 sí i, àmì pé wọ́n ṣe é fún ẹṣin gígun nìyẹn. Ti ọ̀kadà kọ́, ti kẹ̀kẹ́ kọ́. Àbúrò mi ní London ló fi tèmi ránṣẹ́, mo san án fún un díẹ̀díẹ̀.

Àbúrò mi yẹn náà, Peckham ló wà, ó ní owó ẹ̀kọ́ ìdajì wákàtí lọ́dọ̀ wọn ń lé òun sá. Mo ní kó wo àwọn RDA, ẹgbẹ́ tó ń mú kí àwọn tó ní ìpèníjà ara lè gun ẹṣin, láti 1969 ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní ìlú Òyìnbó, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń bá wọn fa ẹṣin, tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó wà lórí ẹ̀, wọn ò béèrè pé kéèyàn ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ó ti ń lọ báyìí. Kò tíì gun kankan níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti mọ ẹṣin fọ̀, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń di gàárì, tó bá wá rówó san ẹ̀kọ́ kan, kò ní fi ìdajì ẹ̀kọ́ yẹn ṣe ìbẹ̀rù. Ní Brixton sì ni Ebony Horse Club wà láti 1996 fún àwọn ọmọ àdúgbò, mo sọ fún un pé kó lọ forúkọ ọmọ ẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, torí ibẹ̀ ni owó ti ń tán jù. Bí Ìléyá bá ti ń sún mọ́lé, iye tí wọ́n ń yá ẹṣin máa ń gbéra lọ sókè, gbogbo ìdílé ló ń wá a lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ẹṣin tí wọ́n ń kó wá láti ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ méjì sí i ò tíì gbọ́ ìbọn àti bàtá lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí wọn rí, ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á máa fò. Èmi ni mo wá ronú kan àwọn ẹṣin etíkun. Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni sípíkà ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ọmọdé ń sáré gba abẹ́ wọn kọjá, wọn kì í tilẹ̀ gbójú sókè. Mo bá àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi sọ̀rọ̀, mo bá Alhaji sọ̀rọ̀, ìdílé wa háyà ọkọ̀ ńlá, wọ́n tẹ́ yanrìn àti koríko sílẹ̀ ẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má baà yọ̀, òru ni wọ́n gbé wọn kí oòrùn má pa wọ́n lójú ọ̀nà, Alhaji fúnra ẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Owó tí ìdílé san fún un ju ohun tó ń rí létíkun lọ, síbẹ̀ ó kéré sí iye tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀, ẹṣin wọn ò sì da ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo gun Sárkí. Ìbọn dún, ó kàn yí etí ẹ̀ padà, ó ń lọ. Alhaji ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Ti ọdún tó ń bọ̀, a ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ báyìí. Alhaji ní kí a tètè bá ọlọ́kọ̀ sọ̀rọ̀ kí owó mọ́tò tó gbéra, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi náà fẹ́ gun ọ̀kan, ìyẹn sì túmọ̀ sí pé a máa ní láti máa gun ẹṣin yẹn pẹ̀lú ìlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, ẹnì kan nínú àjọ wa ní àbúrò òun ọkùnrin ń lu gángan, ó ti gbà láti máa bá wa wá. Èmi ni àjọ kàn lóṣù tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún tíṣà pé kó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ìjánu sí ọwọ́ kan ṣoṣo, kí ọwọ́ kejì lè ṣófo fún kíkí ọba.